Ẹni Mẹ́ta Nínú Lẹ́tà Kan

Bí Akínkúnlé Awóyẹmí bá fẹ́ wọ yàrá, òun kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Oyè rẹ̀ ni yóò ṣíwájú. Mẹ́sẹ́ńjà yóò ṣí ilẹ̀kùn, yóò wúkọ́, yóò sì kà wọ́n sílẹ̀: "Olóyè. Dókítà. Baba Ìjọ. Amúlùúdùn Edunabon. Baba Ìsàlẹ̀ Ẹgbẹ́ Ọlọ́kadà. Ọ̀rẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́. Ìràwọ̀ Mayfair." Ìgbà yẹn ni ẹni tó ni wọ́n yóò tó yọ, ikùn síwájú, agbádá lẹ́yìn, bí ẹni pé oyè ló ń wọ́ ọ bọ̀. Ẹ má wulẹ̀ béèrè ibi tó ti gba Dókítà. Ilé ẹ̀kọ́ náà wà ní òkè òkun, àpótí ìfìwéránṣẹ́ nìkan ló ní, kò ní yàrá kankan.

Òun ni olórí ẹ̀ka Ifẹ̀ ti àjọ tó ń pín ṣọ́ọ̀bù ọjà tuntun. Ọdún 1997 ni. Wọ́n ti kọ́ ọjà kan sójú ọ̀nà tó lọ sí Edunabon, àwọn ènìyàn ti kọ̀wé béèrè ṣọ́ọ̀bù, ó sì ku kí wọ́n fún oníkálukú ní lẹ́tà tó máa sọ nọ́ńbà tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjà kọ́ ló wà lọ́kàn Awóyẹmí. Àga kan ni. Àga náà wà ní Òṣogbo, awọ ni wọ́n fi bò ó, ó ń yí po, ẹni tó sì ń jókòó sí i, ìyẹn Ọ̀gá Àgbà gbogbo àjọ náà, ti fẹ̀yìn tì. Kọmíṣọ́nnà ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Ifẹ̀ láti wo bí kọ̀ǹpútà tuntun ṣe máa tẹ lẹ́tà jáde lójú gbogbo ènìyàn. Bí ó bá lọ dáadáa, Awóyẹmí ni yóò jókòó sí àga yẹn. Bí kò bá lọ dáadáa ńkọ́? Awóyẹmí kò tíì ronú débẹ̀. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó lè bàjẹ́ níbi tí òun bá wà.

Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà dé, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà lórí bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ó ní, "nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ yìí, kò sí kọ̀ǹpútà. Àwọn baba wa ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe. Lónìí, kọ̀ǹpútà ti dé. Èmi náà sì ti wà nílẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò sí ohun tí ayé tún ń wá mọ́."

Adéolúwa, igbákejì rẹ̀, ti ń pàtẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí gan-an mọ̀ yín," Adéolúwa ní. "Ẹ wo bó ṣe ń tàn sí yín."

"A ò tíì tan iná sí i, sà," Hikmat ní.

Hikmat ni ọmọbìnrin tí wọ́n gbà láti máa lo kọ̀ǹpútà náà. Ọmọ Ìwó ni, Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́. Ó ní ojú kan tó tutù bí omi àmù, tí ènìyàn kò lè mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ràn ni tàbí ó ń rẹ́rìn-ín nínú. Ẹ fi ojú yẹn sọ́kàn, a ó tún padà pàdé rẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò le. Ẹ̀rọ àtijọ́ kan ní Òṣogbo ti to gbogbo àwọn tó béèrè ṣọ́ọ̀bù sínú fáìlì gbọọrọ kan. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìlà mẹ́rin: orúkọ, àdírẹ́sì, iṣẹ́, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù. Bí ìlà ẹnì kan bá ti parí, ti ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀, kò sí àyè láàrin wọn. Ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà tuntun ni yóò máa yọ ìlà kọ̀ọ̀kan, tí yóò gbé e sí ipò rẹ̀ nínú lẹ́tà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Wọn yóò fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ lójú ẹ̀rọ, wọn yóò fi máòsì fa àpótí yí orúkọ rẹ̀ ká, wọn yóò sọ pé orúkọ nìyí. Wọn yóò fa òmíràn yí àdírẹ́sì ká, títí dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti rí nǹkan lára ẹni àkọ́kọ́, ibẹ̀ náà ni yóò ti máa wá a lára gbogbo àwọn yòókù. Iye ìlà tí ẹni àkọ́kọ́ bá ní, iye náà ni yóò kà fún olúkúlùkù. Kò ní ọgbọ́n míì lórí.

Hikmat ṣí fáìlì náà. Ẹni tó wà lókè pátápátá ni Àṣàbí Abógúnrìn, Ìlárè, ó ń fi ẹ̀rọ lọ ata, ṣọ́ọ̀bù kìn-ín-ní.

"Ta nìyí?" Awóyẹmí béèrè.

"Àpẹẹrẹ wa ni, sà. Ìlà mẹ́rin péré, kò ní wàhálà nínú."

"Ẹlẹ́rọ ata?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Awóyẹmí fa agbádá rẹ̀ lé èjìká. "Kí Kọmíṣọ́nnà gbéra láti Òṣogbo, kó bẹ̀rẹ̀ wo kọ̀ǹpútà ìjọba, kó wá jẹ́ pé ẹlẹ́rọ ata ni yóò kí i káàbọ̀?"

"Ojú á máa ta wọ́n, Ọ̀gá," Adéolúwa ní.

"Yọ ọ́ kúrò níwájú. Èmi ni kí o fi síbẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ẹ ò béèrè ṣọ́ọ̀bù, sà," Hikmat ní.

"Mo ti béèrè báyìí."

Hikmat fi ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù. "Kí ni kí n kọ, sà?"

"Orúkọ mi. Ṣùgbọ́n a ò lè sáré débẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn oyè, ó sì ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìlà tirẹ̀, nítorí pé òun kò gba méjì pọ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n kọ Olóyè, wọ́n kọ Dókítà, wọ́n ń bá a bọ̀ títí tí wọ́n fi dé Ìràwọ̀ Mayfair. Méje nìyẹn.

"Ọ̀gá, ẹ dákun," Adéolúwa ní, "èyí tó wà lọ́nà ńkọ́?"

"Èwo nìyẹn?" Awóyẹmí béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Ọ̀gá Àgbà Lọ́la."

Awóyẹmí wo òrùlé bí ẹni tí wọ́n ń fipá mú. "Bí ẹ bá ní kó wà níbẹ̀, ta ni èmi láti kọ̀ ọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni oyè pé mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n fi orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ tẹ̀lé e, ó ku ìlà kan.

"Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù, sà," Hikmat ní. "Ẹ̀rọ ò gbà kí àyè ṣófo."

"Èwo ló wà níwájú?"

"Kìn-ín-ní. Lẹ́bàá géètì, níbi tí iná mànàmáná ti wà nítòsí. Ti Ìyá Àṣàbí ẹlẹ́rọ ata ni."

"Ṣé kejì lo fẹ́ kọ sábẹ́ orúkọ mi ni? Sún ìyá náà."

"Síbo, sà?"

"Ìparí ọjà. Ẹ̀gbẹ́ àkìtàn yẹn. Ata ò ní imú."

Ẹ jẹ́ ká ṣe òótọ́ sí ọkùnrin yìí: kò fẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Kò mọ ohun tí wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló wù ú. Ká ní olè ni, à bá mọ bí a ṣe máa bá a wí.

Hikmat wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa àpótí lójú ẹ̀rọ. Ó fà á yí Olóyè ká, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó fà á yí Dókítà ká, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Nígbà tó dé Baba Ìjọ, akọ̀wé kan ṣe àmín. Bó ṣe parí báyìí, ó tẹ lẹ́tà náà jáde, kò sì sí ibi tó kù sí: oyè mẹ́jọ tò sókè bí àwọn ọmọ ogun, orúkọ wà nísàlẹ̀ wọn. Awóyẹmí kà á fún wọn, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún kà á.

"Ẹ jẹ́ kí n tẹ ọfà yìí, sà," Hikmat ní, ó ń na ìka sí kíbọ́ọ̀dù. "Ká wo ẹni tó tẹ̀lé yín, ká lè mọ̀ bóyá..."

"Tó tẹ̀lé ta ni?"

"Tó tẹ̀lé yín nínú fáìlì, sà."

"Ojú ibi tí mo wà yìí ni wàá gbé ẹlòmíràn lé? Èmi wá ńkọ́?"

"Ẹ óò kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀, sà. Fún ìgbà díẹ̀ ni."

Adéolúwa mi orí. "Kúrò níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí Ọ̀gá fẹ́ lọ jókòó sí Òṣogbo. Hikmat, èpè lò ń sọ yẹn."

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọfà yẹn," Awóyẹmí pàṣẹ. Adéolúwa kò fi falẹ̀. Ó mú sẹ́lótéèpù, ó lẹ bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀ wìkìwìkì bí ẹni ń di egbò.

"Ẹ ṣeun, sà," Hikmat ní. Ó ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó sì gbé ojú tútù rẹ̀ wò wọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Fúnlọ́lá ìyàwó Awóyẹmí bá a lórí àga oúnjẹ nílé wọn ní àdúgbò Mayfair, tó ń gbìyànjú láti yí ara rẹ̀ po.

"Bàbá Ìmísí, àga onígi ni," Fúnlọ́lá ní. "Ẹ má ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀."

"Ti Òṣogbo ń yí. Ó yẹ kí ọrùn mi ti mọ̀ ọ́n."

"Àga yín ti ọ́fíìsì ńkọ́?"

"Mo ti fi ta Adéolúwa lọ́rẹ. Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe? Mo sì ti ní kí wọ́n kun pátákó mi sílẹ̀, oyè mẹ́jọ. Mo ní kí wọ́n yọ 'Lọ́la' kúrò nídìí Ọ̀gá Àgbà."

Fúnlọ́lá gbé àwo ọbẹ̀ sílẹ̀. "Bí wọn ò bá wá fún yín ńkọ́?"

"Ta ni wọ́n fẹ́ fún? Ta ló pọ̀ tó mi?"

"Ẹ pọ̀ lóòótọ́. Ìmísí bi mí lánàá pé èwo nínú yín ni bàbá òun."

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta kánópì síwájú ọjà tuntun, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sórí tábìlì, jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn. Àwọn tó béèrè ṣọ́ọ̀bù kún orí bẹ́ǹṣì fọ́fọ́. Kọmíṣọ́nnà jáde nínú ọkọ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, fìlà kan lórí, kò sí ẹni tó kéde rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀," ó sì jókòó. Àánú rẹ̀ ṣe Awóyẹmí.

Òun náà dìde, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ìgbà tí òyìnbó dé, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ìyá wọn ti sùn. Nígbà tó fi máa dé ìgbà tí wọ́n bí òun fúnra rẹ̀, àwọn ìyá wọn náà ti ń tòògbé. Ó wá fi ìka tó ní òrùka tẹ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dún, lẹ́tà àkọ́kọ́ yọ, Kọmíṣọ́nnà mú un. Ó ka gbogbo oyè náà láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Adéolúwa ń pàtẹ́wọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀.

"Akínkúnlé Awóyẹmí. Ṣọ́ọ̀bù kìn-ín-ní." Kọmíṣọ́nnà gbójú sókè. "Ẹ̀yin tí ẹ ń pín ṣọ́ọ̀bù náà béèrè ṣọ́ọ̀bù?"

"Àpẹẹrẹ lásán ni, sà."

Kọmíṣọ́nnà fi lẹ́tà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mú ìkejì, ó kà á, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

"Sí Àṣàbí Abógúnrìn, Ìlárè, Ó Ń Lọ Ata, Ogójì, Fákúnlé Akóredé, Ìrẹ̀mọ, Ó Ń Tún Rédíò Ṣe, Kejì, Àyànlọ́wọ̀ Awóníyì."

Ènìyàn mẹ́ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wo ara wọn.

"Ta ló ni lẹ́tà yìí nínú yín?" Kọmíṣọ́nnà béèrè.

"Ìsàlẹ̀ ni orúkọ mi wà, sà, ó jọ pé èmi ni," Àyànlọ́wọ̀ télọ̀ dáhùn. "Ṣùgbọ́n mi ò mọ ìgbà tí wọ́n fi mí jẹ Àṣàbí."

"Èmi ni oyè rẹ̀?" Ìyá Àṣàbí ní. "Èmi tí mo lè bí i lọ́mọ?"

"Ẹ má bínú, ìyá, ẹ̀yin lẹ gun orí mi. Mi ò pè yín."

Fákúnlé tó ń tún rédíò ṣe na ọwọ́ sókè láàrin wọn. "Ẹ̀yin ẹ wà lókè, òun wà nílẹ̀. Èmi tí ẹ há mọ́ àárín, níbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà?"

Kọmíṣọ́nnà mú ẹ̀kẹta, ó mú ẹ̀kẹrin. Bákan náà ni gbogbo wọn. Nínú ẹni mẹ́ta, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba lẹ́tà, àwọn méjì yòókù ti di oyè lórí rẹ̀. Ẹnì kan ń fi aṣọ-òkè àti Sábó jẹ oyè, ẹlòmíràn ń jẹ bàbá ìyàwó rẹ̀ lóyè. Ariwo sọ. Àwọn ọmọ tó sùn jí.

"Kọ̀ǹpútà yìí ò mọ ènìyàn iyì, sà," Awóyẹmí ní. Òógùn ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Adéolúwa, ṣàlàyé fún wọn."

Adéolúwa ti kó ọwọ́ méjèèjì sápò, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò.

Kọmíṣọ́nnà kọjú sí Hikmat. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọ̀gá la fi ṣe àpẹẹrẹ fún ẹ̀rọ, sà. Ìlà méjìlá ni wọ́n. Ẹ̀rọ wá gbà pé bí ènìyàn ṣe máa ń gùn nìyẹn. Àwọn wọ̀nyí, ìlà mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ní, ló bá ń so wọ́n pọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n lè tó Ọ̀gá."

"Ẹ ò wo ẹni kejì kí ẹ tó gbé e wá síbí?"

"Wọ́n di ọfà rẹ̀, sà." Ó yí kíbọ́ọ̀dù sí i. Sẹ́lótéèpù náà ń dán nínú oòrùn.

Kọmíṣọ́nnà fi èékánná ara rẹ̀ ṣí i kúrò. "Tún un ṣe. Lo ẹnikẹ́ni tó bá ní ìlà mẹ́rin."

Hikmat pe Ìyá Àṣàbí. Ìyá náà wá jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó so ìborùn rẹ̀ mọ́dìí.

"Ọmọ mi, ṣé kò ní dùn mí?"

"Rárá, ìyá. Ẹ ò tilẹ̀ nílò láti jókòó."

"Mo ti jókòó. Máa bá iṣẹ́ lọ."

Hikmat fa àpótí mẹ́rin, ó parí. Ó tẹ ọfà, ó wo ẹni kejì. Ó tún un tẹ̀, ó wo ẹ̀kẹta. "Ti Ọ̀gá ṣì wà lókè fáìlì, sà. Ṣé kí n yọ ọ́?"

"Jẹ́ kó wà."

Ọkàn Awóyẹmí balẹ̀ díẹ̀. Ó tún agbádá ṣe. Ó ṣe tán, wọ́n ṣì mọ ẹni tó yẹ kó wà lókè.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ yọ. "Sí Olóyè," Kọmíṣọ́nnà kà. Awóyẹmí ti dìde. "Àdírẹ́sì: Dókítà. Iṣẹ́: Baba Ìjọ. Ṣọ́ọ̀bù: Amúlùúdùn Edunabon. Ẹ̀yin ni, sà? Dókítà lẹ ń gbé?"

Awóyẹmí rọra jókòó.

"Èkejì. Sí Baba Ìsàlẹ̀ Ẹgbẹ́ Ọlọ́kadà. Àdírẹ́sì: Ọ̀rẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́: Ìràwọ̀ Mayfair. Ṣọ́ọ̀bù: Ọ̀gá Àgbà Lọ́la." Kọmíṣọ́nnà wo àwọn ṣọ́ọ̀bù tó tò lẹ́yìn rẹ̀, ó wò wọ́n láti géètì dé àkìtàn. "Níbo ni ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Àgbà Lọ́la wà?"

Ojú Hikmat tutù bíi ti àtẹ̀yìnwá. "Wọn ò tíì kọ́ ọ, sà."

Ìyá Àṣàbí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gba bẹ́ǹṣì kan, ó fò sí èkejì, ó bo jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀.

"Wọn ò ní kọ́ ọ mọ́," Kọmíṣọ́nnà ní. Ó ká lẹ́tà náà, ó fi sápò. Bí àga Òṣogbo ṣe lọ nìyẹn, gbogbo ènìyàn ló mọ̀, Awóyẹmí náà mọ̀ ọ́n.

Ó ku ẹ̀kẹta. "Akínkúnlé Awóyẹmí."

Mẹ́sẹ́ńjà kò wúkọ́. Kò sí oyè kankan tó ṣíwájú. Awóyẹmí wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹlòmíràn á dáhùn bá òun. Nígbà tí kò rí ẹnì kankan, ó dìde lásán báyìí, bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń dìde.

"Èmi ni."

"Ṣọ́ọ̀bù kìn-ín-ní yìí, ta ló ni ín kí ẹ tó di àpẹẹrẹ?"

Awóyẹmí tọ́ka. Kọmíṣọ́nnà na lẹ́tà náà sí i, Awóyẹmí ló sì gbé e rìn kọjá láàrin gbogbo ènìyàn dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àṣàbí. Ìyá náà gbà á, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ ṣeun. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àkìtàn yẹn ṣì wà o, bí ẹ bá fẹ́ ẹ."

Nígbà tí Awóyẹmí padà dé ọ́fíìsì, Adéolúwa wà lórí àga tó fi ta á lọ́rẹ, ó ń jẹ ẹ̀pà. Kò dìde. "Ẹ jókòó, sà," ó ní, ó sì nawọ́ sí bẹ́ǹṣì àwọn àlejò. Ó ṣì ń pè é ní sà, ṣùgbọ́n ẹ̀pà wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń pè é. Kò pẹ́ tí Òṣogbo fi ní kí Awóyẹmí lọ sinmi nílé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Fọláyọ̀ ni wọ́n fún ní àga tó ń yí, Fọláyọ̀ lásán, kò sí ohun tó ṣáájú rẹ̀.

Pátákó oyè mẹ́jọ náà wà lọ́dọ̀ akunlé tó kùn ún, kò sẹ́ni tó wá gbé e. Ìyá Àṣàbí ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lò ó. Ó gbé e dúró sáàrin ẹ̀rọ ata rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù Fákúnlé, kí ata má baà máa ta sára rédíò. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, ata ti jẹ Olóyè, ó ti jẹ Dókítà, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé Ìràwọ̀ Mayfair. Oyè tó kẹ́yìn, Ọ̀gá Àgbà, nìkan ló kù, nítorí pé tábìlì bò ó.

Ìwájú pátákó yẹn ni Awóyẹmí dúró sí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lú abọ́ ata tí Fúnlọ́lá gbé lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ń ké. Ìyá Àṣàbí kò gbójú sókè.

"Ta ló ni tuntun yìí? Ẹ dárúkọ, kí n lè pè yín tó bá kàn yín."

Awóyẹmí la ẹnu. Olóyè dé eyín rẹ̀, ó dúró níbẹ̀. Ó wo pátákó náà.

"Akínkúnlé," ó ní.

"Ẹni méjì ló wà níwájú yín. Ẹ gbé e sẹ́yìn tiwọn."

Ó gbé e sílẹ̀. Abọ́ mẹ́ta ló tò sórí tábìlì náà, ata oníkálukú wà nínú abọ́ tirẹ̀.